Àṣẹ kóòtù tó ní dandan ni kí wọ́n fún mi ní ilẹ̀ tí mo rà: ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún

Ìràwọ̀ mẹ́rin ni mo fún un. Ibi tí ìkarùn-ún gbà lọ ń bọ̀ níwájú. Iṣẹ́ tí mò ń wí ni àṣẹ tí ilé ẹjọ́ máa ń pa fún ẹni tó ta ilẹ̀ tàbí ilé, tó wá yí ohùn padà, pé dandan ni kó gbé ohun tó tà lé ẹni tó rà á lọ́wọ́, kò gbọdọ̀ fi owó gbà-má-bínú lé e lọ. Specific performance ni àwọn lọ́yà ń pè é. Èmi á máa pè é ní àṣẹ ìmúṣẹ níbí. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń gbani nímọ̀ràn lórí ilẹ̀ rírà kì í dé ibẹ̀. Wọ́n á ní kí ẹ yẹ ìwé wò, kí ẹ mú awọnlẹ̀ dání, kí ẹ má sanwó láìgba rìsíìtì. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Tí gbogbo rẹ̀ bá wá pé pérépéré, tí ẹni tó tà á sì dìde pé òun ò tà mọ́ ńkọ́?

Ilé ìtẹ̀wé ni mo ní, kò tóbi. Iwájú rẹ̀ há tó bẹ́ẹ̀ tí ọkọ̀ tó ń kó bébà wá kò lè yà wọlé. Ojú títì ló ń dúró sí, àwọn ọmọṣẹ́ mi á sì máa fi èjìká ru ẹrù wọlé. Tí òjò bá ká wọn mọ́nà, bébà bàjẹ́ nìyẹn. Ilẹ̀ kan wà tó fara ti ògiri ẹ̀yìn mi, tó já sí títì kejì. Bí mo bá ní in, mo lè fọ́ ògiri, kí ọkọ̀ gba ẹ̀yìn wọlé títí dé ìdí ẹ̀rọ. Bàbá àgbàlagbà kan ló ni ín. A dúnàádúrà, ọ̀rọ̀ wọ̀, a sì kọ ọ́ sílẹ̀: orúkọ àwa méjèèjì, ìwọ̀n ilẹ̀ àti nọ́ńbà òkúta ààlà rẹ̀, iye owó, ọjọ́ tí n ó san èyí tó kù. Wọ́n fọwọ́ sí i, èmi náà fọwọ́ sí i, mo san owó àsansílẹ̀.

Kò pẹ́ ni ẹlòmíràn gbé owó tó ju tèmi lọ dé. Bàbá kó owó mi sínú àpòòwé, wọ́n gbé e wá bá mi níbi iṣẹ́.

"Ìyá oníwèé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Owó yín rèé, mo ti fi díẹ̀ lé e. Ilẹ̀ ṣáà pọ̀ nílùú."

"Bàbá, ẹ̀yìn ògiri mi ni mo ti ra ilẹ̀, n ò rà á káàkiri ìlú. Ẹ máa mú owó yín lọ."

Ẹ fi ọ̀rọ̀ "ilẹ̀ pọ̀ nílùú" yẹn sọ́kàn, torí òun ni gbogbo ẹjọ́ náà dá lé.

Lọ́yà tí mo gbà, ọmọbìnrin kan tí kò tíì pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́, kò tilẹ̀ kọ́kọ́ béèrè ìwé. Ó ní, "Mọ́mì, ṣé ilẹ̀ yẹn gan-an lẹ fẹ́, àbí èrè tẹ́ ẹ máa jẹ lórí rẹ̀?" Mo ní ilẹ̀ ni. Ó ní kí n tún un sọ, torí tí a bá dé iwájú adájọ́, ohun tí wọ́n máa wò lójú mi nìyẹn. Ó wá yìn mí pé n kò gba àpòòwé: ẹni tó bá gba owó rẹ̀ padà, ẹnì kejì lè sọ pé ó ti gbà kí àdéhùn tú ká.

Ọ̀nà tó gbà là á yé mi nìyí. Ní àwọn orílẹ̀-èdè tí òfin wọn ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wá, owó ni kóòtù máa ń kọ́kọ́ rò. Ẹni tó da àdéhùn, kó san ohun tí ẹnì kejì pàdánù, ó parí. Láyé àtijọ́, ilé ẹjọ́ tó ń lo òfin gbogbogbòò níbẹ̀ kì í fẹ́ dá ju owó lọ. Ẹni tí owó ò bá tó fún a lọ sí Kóòtù Chancery, níbi tí wọ́n ti ń wo ohun tó tọ́ láàárín èèyàn méjì. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ rọrùn fún wọn níbẹ̀, nítorí wọ́n gbà pé kò sí ilẹ̀ méjì tó jẹ́ ọ̀kan náà, pé owó yòówù tí wọ́n bá kà fún ẹni tó pàdánù ilẹ̀ kan, kò lè fi ra ilẹ̀ yẹn. Òfin 1873 sí 1875 ló pa irú ilé ẹjọ́ méjèèjì pọ̀, àmọ́ ìwà Chancery ò kúrò lára àṣẹ yìí: adájọ́ lè fún ẹ, ó sì lè kọ̀ ọ́ fún ẹ bí o tilẹ̀ jàre.

Ìtàn kan wà nínú rẹ̀ tí mo fẹ́ràn. Ní 1750, Lord Hardwicke, tó jẹ́ olórí adájọ́ Chancery, gbọ́ ẹjọ́ àwọn ọmọ Penn, tó ni Pennsylvania, àti Lord Baltimore, tó ni Maryland, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n ti fọwọ́ sí àdéhùn lórí ibi tí ààlà Pennsylvania àti Maryland yóò gbà, Baltimore wá ń fà sẹ́yìn. Òkè òkun ni ilẹ̀ náà wà, ní Amẹ́ríkà, ọwọ́ adájọ́ ò dé ibẹ̀. Ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ tó àwọn tó ṣe àdéhùn, ó sì ní kí wọ́n mú un ṣẹ. Láàárín 1763 sí 1767 ni Charles Mason àti Jeremiah Dixon wọn ààlà náà, orúkọ wọn ló sì ń jẹ́ dòní. Àwọn ń jà lórí ìlú ńláńlá, èmi ń jà lórí ẹ̀yìn ògiri, àṣẹ kan náà la sì jọ ń tọrọ.

Ẹ má wá rò pé ẹni tó bá ti dárúkọ ilẹ̀ ti jàre. Ẹjọ́ méjì ni lọ́yà mi fi dẹ́rù bà mí. Ọ̀kan wáyé ní New Jersey ní 1974, Centex Homes àti Boag. Iléeṣẹ́ tó kọ́ fúláàtì pelemọ sí ilé gogoro kan ló pẹjọ́. Wọ́n ti ta ọ̀kan fún Boag, iléeṣẹ́ tó ń bá ṣiṣẹ́ wá gbé e lọ sí Chicago, ó sì ní kí báǹkì má san ṣẹ́ẹ̀kì rẹ̀. Iléeṣẹ́ náà ní kí kóòtù fi dandan mú un kó rà á. Adájọ́ kọ̀: àwòkọ́ṣe ni wọ́n fi ń han àwọn oníbàárà, iye owó wà lójú ìwé, fúláàtì kan dà bí èkejì, ẹ lọ gba owó ohun tí ẹ pàdánù. Èkejì dé Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ Kánádà ní 1996, Semelhago àti Paramadevan. Dọ́là 205,000 ni Semelhago fẹ́ fi ra ilé, onílé yí ohùn padà, nígbà tí ẹjọ́ fi máa délẹ̀ ilé náà ti di 325,000. Owó ló gbà dípò ilé, 120,000. Àmọ́ àwọn adájọ́ lo àyè yẹn láti sọ pé ayé tí wọ́n ń kọ́ ilé bí ẹni ń yọ búlọ́ọ̀kù ti dé, pé kò yẹ kí wọ́n máa gbà láìwádìí pé gbogbo ilé ló dá yàtọ̀. Ẹni tó bá ń béèrè àṣẹ ìmúṣẹ, kó fi hàn pé èyí ní ohun tí òmíràn ò ní.

"Mọ́mì, tó bá jẹ́ fúláàtì kan nínú ọgọ́rùn-ún lẹ rà ni," ọmọ yẹn ní, "n ò ní jẹ́ kẹ́ ẹ náwó yín."

Iṣẹ́ wa wá di pé ká fi han adájọ́ pé ilẹ̀ tó pọ̀ nílùú ò wúlò fún mi. Awọnlẹ̀ ya ilẹ̀ bàbá àti tèmi pọ̀ sójú ìwé kan, ó fi yíǹkì pupa fa ògiri tó wà láàárín wọn. A ya fọ́tò ọkọ̀ tó dúró lójú títì, ọmọṣẹ́ mi kan sì wà nínú ọ̀kan níbẹ̀ tó gbé bébà léjìká nínú òjò (ẹ̀yin náà á rò pé èmi ni mo ní kó dúró bẹ́ẹ̀, bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn tí òjò bá ń rọ̀). Àwọn tó ń ta bébà fún mi kọ ìwé pé àwọn máa ń bu owó lé e nítorí pé ọkọ̀ àwọn ò lè wọlé. Lọ́yà bàbá náà kó ìwé dé: àwọn ilẹ̀ mìíràn tí wọ́n ń tà ládùúgbò, tó tóbi ju èyí lọ, tí owó wọn tún rọjú. Tèmi dìde, ó bi í pé èwo nínú wọn ló fara kan ògiri ilé ìtẹ̀wé. Ọkùnrin náà wo ìwé ọwọ́ rẹ̀ títí. Apá yìí nínú iṣẹ́ náà dùn mọ́ mi.

Apá tó le, tí ẹnikẹ́ni ò kìlọ̀ rẹ̀ fún mi kí n tó wọ̀ ọ́, ni ọ̀rọ̀ owó tó kù. Ẹni tó bá ń béèrè àṣẹ ìmúṣẹ gbọ́dọ̀ fi hàn pé òun ṣetán, pé ó wu òun, pé agbára òun sì ká a láti san án, láti ọjọ́ àdéhùn títí dọjọ́ ìdájọ́. Kóòtù ò ní fi dandan mú bàbá kí wọ́n ṣe tiwọn nígbà tí tèmi ń mì. Ní Íńdíà, ó wà ní abala 16 òfin tí wọ́n ṣe lórí irú àṣẹ yìí ní 1963. Nígbà tí wọ́n tún òfin náà ṣe ní 2018, tí wọ́n gba ọ̀pọ̀ nínú agbára tí adájọ́ fi ń kọ irú àṣẹ yìí kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, wọn ò yọ ìyẹn. Ìwé tí báǹkì fi gbà pé òun á yáni lówó náà ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n èmi ò ní irú rẹ̀, owó tèmi ni mo fẹ́ fi rà á. Ó wá ní láti wà nílẹ̀ níbi tí kóòtù ti lè rí i. Ẹ̀rọ ìgéwèé mi kọṣẹ́ nígbà tí ẹjọ́ ń lọ lọ́wọ́. Owó tó lè ra tuntun wà ní báǹkì, mò ń wò ó, n ò lè fọwọ́ kàn án. Ọwọ́ la fi ń gé ìwé. Ojú mi rí màbo. Ìwé báǹkì yẹn náà ni adájọ́ kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ tí mo jẹ́rìí, n kò sì mọ ohun tí mi ò bá sọ ká ní mo ti fi ra ẹ̀rọ.

Ohun kejì tí kò gbọdọ̀ falẹ̀ ni ìwé ìkìlọ̀. Kí a tó pẹjọ́ rárá ni lọ́yà mi ti lọ sí ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń forúkọ ilẹ̀ sílẹ̀, ó ní kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé ilẹ̀ náà pé ẹnì kan ti bá bàbá ṣe àdéhùn lórí rẹ̀. Ìdí ni pé tí bàbá bá ta ilẹ̀ fún ẹlòmíràn tí kò mọ ohunkóhun, tí ìyẹn sanwó, tó sì gba ìwé, àṣẹ ìmúṣẹ ò lè bá a níbẹ̀ mọ́. Èmi á wá máa bá bàbá du owó nìkan. Ní Jámánì, ohun tí wọ́n ń pè ní Vormerkung ni wọ́n fi ń ṣe é: tó bá ti wọ ìwé ilẹ̀, títà yòówù tí onílẹ̀ bá tún tà á kò lè pa olùrà àkọ́kọ́ lára. Ká sòótọ́, tiwọn wù mí. Iwájú nótárì, amòfin tí òfin yàn láti máa jẹ́rìí sí ìwé, ni wọ́n ti ń fọwọ́ sí àdéhùn ilẹ̀, àti pé mímú àdéhùn ṣẹ gan-an ni ẹ̀tọ́ tí olùrà kọ́kọ́ ní lọ́hùn-ún. Ẹnì kan kì í béèrè pé kó fi hàn ná pé owó ò tó. Ẹni tó fẹ́ ra ilẹ̀ bàbá rí ìkìlọ̀ tèmi nígbà tó lọ yẹ ìwé wò, ó fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ, òun àti owó gọbọi rẹ̀.

Bàbá ò káwọ́ gbera o. Lọ́yà wọn ní ìnira ni àṣẹ náà máa jẹ́ fún wọn, wọ́n ti dàgbà, wọ́n lẹ́bí. Èmi fúnra mi bẹ̀rù ibẹ̀, torí ọ̀nà gidi ni. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1984, nínú ẹjọ́ Patel àti Ali, obìnrin kan ti ta ilé ní 1979, ọ̀rọ̀ wá falẹ̀ láìṣe ẹ̀bi olùrà tàbí olùtà. Kí ó tó dọjọ́ ìdájọ́, àrùn jẹjẹrẹ ti mú kí wọ́n gé ẹsẹ̀ obìnrin náà, ó ti bímọ sí i, kò fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn ọ̀rẹ́ àti ẹbí tó wà nítòsí ilé náà ló ń ràn án lọ́wọ́ lójoojúmọ́. Adájọ́ kọ̀ láti lé e jáde, ó ní owó ni kí àwọn tó rà á gbà. Ká ní èmi ni mo rà á, màá gba owó náà láìjanpata. Adájọ́ tiwa bi bàbá pé kí ló ti yí padà láti ọjọ́ tí wọ́n ti fọwọ́ sí ìwé. Bàbá dáhùn pé owó ilẹ̀ ti gòkè. Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín, wọ́n ṣáà sọ òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni ìnira parí sí.

Kí n tó gbàgbé, ẹni tó tà náà lè béèrè àṣẹ yìí mọ́ olùrà. Nínú Tamplin àti James ní 1880, ọkùnrin kan ra ilé ọtí tí wọ́n gbé sí gbàǹjo, ó rò pé ọgbà ẹ̀yìn rẹ̀ wà nínú ohun tí wọ́n tà. Àwòrán ilẹ̀ wà níbẹ̀ kó tó rà á, kò wò ó. Kóòtù ní kó gba ohun tó rà.

Ìdájọ́ jáde bí a ṣe béèrè rẹ̀. Adájọ́ dá ọjọ́: kí n san owó tó kù, kí bàbá fọwọ́ sí ìwé tó gbé ilẹ̀ lé mi lọ́wọ́. Mo san. Bàbá fi àáké kọ́rí, wọn ò yọjú. Ibí yìí ni mo rò pé ọ̀rọ̀ máa di ti ọlọ́pàá, nítorí òótọ́ ni pé wọ́n lè ti ẹni tó bá tàpá sí àṣẹ kóòtù mọ́lé, n ò sì fẹ́ kí wọ́n tì bàbá mọ́ ibì kankan nítorí mi. Kò débẹ̀. Òfin wà pé tí ẹni tí wọ́n pàṣẹ fún bá kọ̀, kóòtù lè yan ẹlòmíràn kó bá a fọwọ́ sí i. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, abala 39 òfin ilé ẹjọ́ wọn ti 1981 ni. Ní Jámánì, wọn ò tilẹ̀ nílò ìbuwọ́lù kankan: tí ìdájọ́ bá ti múlẹ̀, òfin á kà á sí pé ẹni náà ti sọ pé òun gbà. Akọ̀wé kóòtù ló fọwọ́ sí tèmi. Kò gbójú sókè. Ó bi mí bí wọ́n ṣe ń kọ orúkọ mi, ó buwọ́ lù ú, ó tẹ òǹtẹ̀, ó pe ẹni tó kàn.

Wọ́n tún fi owó díẹ̀ kún un fún ìdádúró. Òfin kan tí wọ́n ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1858, tí wọ́n ń pè ní òfin Lord Cairns, ló ṣí ọ̀nà yẹn, pé kóòtù lè dá owó mọ́ àṣẹ ìmúṣẹ, ó sì lè dá owó dípò rẹ̀. Nítorí náà, kí lọ́yà yín kọ méjèèjì sínú ìwé ìpẹ̀jọ́: ilẹ̀, tàbí tí kò bá ṣeé ṣe, owó. Kódà lẹ́yìn ìdájọ́, nǹkan lè yí. Nínú Johnson àti Agnew, tí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àgbà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó jẹ́ kóòtù tó ga jù níbẹ̀ nígbà náà, dá ní 1979, ẹni tó ta ilẹ̀ ti gba àṣẹ ìmúṣẹ mọ́ olùrà, olùrà ò sanwó, àwọn tó yá olùtà lówó sì ta ilẹ̀ náà mọ́ ọn lójú. Wọ́n gbà á láyè kó fi àṣẹ náà sílẹ̀, kó padà wá gba owó.

Ìràwọ̀ karùn-ún wá ńkọ́? Ìdádúró ló mú ìdajì rẹ̀. Ẹjọ́ ń falẹ̀, owó lọ́yà ń ga, owó ilẹ̀ yín á sì dè mọ́lẹ̀ ní gbogbo àsìkò yẹn. Ẹni tí kò bá ní ju owó yẹn lọ, kó rò ó dáadáa kó tó wọ̀ ọ́. Ìdajì kejì ni pé ẹ lè ṣe gbogbo ohun tó yẹ kí ẹ ṣe, kí adájọ́ sì tún ní òun ò fún yín. Ẹni tó bá fẹ́ ra ilé kó lè tún un tà ní ọdún tó ń bọ̀, kó má yọ ara rẹ̀ lẹ́nu. Owó gbà-má-bínú ni kó béèrè, á tètè rí i.

Kò sì gba gbogbo àdéhùn tó bá ti kan ilé. Ọ̀rẹ́ mi kan kọ́ ilé ìtajà, ó fi àyè tó tóbi jù níbẹ̀ háyà fún iléeṣẹ́ kan tó ń ta oúnjẹ àti ẹrù ilé, wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé pé wọn ò ní ti ilẹ̀kùn títí àdéhùn á fi pé. Wọ́n ti ń palẹ̀ ẹrù mọ́ báyìí, àwọn oníṣọ́ọ̀bù kéékèèké tó yí wọn ká sì ń wá ibi tí wọ́n máa gbà lọ. Ó gbọ́ tèmi, ó ní àṣẹ ìmúṣẹ ni òun náà fẹ́. Mo sọ ti Argyll fún un, àwọn tó ni súpámákẹ́ẹ̀tì Safeway ní Sheffield: irú àdéhùn kan náà, wọ́n ti ilẹ̀kùn, Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àgbà sì sọ ní 1997 pé kóòtù ò lè máa dúró ti ẹni tó ń pàdánù pé dandan ni kó máa tajà. Owó ni onílé gbà. Ọ̀rẹ́ mi ní òun á ṣì lọ béèrè. Mo fún un ní nọ́ńbà lọ́yà mi.